Omi Tó Ń Sáré Ni Ẹja Yìí Fẹ́

Àrọ̀ ni mò ń sìn ní Àkúrẹ́. Nígbà tí ọ̀rẹ́ mi gbé ẹja kéékèèké mẹ́fà, tí à ń pè ní Chiloglanis, wá fún mi láti odò Benue, bí mo ṣe ń ṣe àrọ̀ náà ni mo ṣe wọ́n. Mo dà wọ́n sínú bàsíà, mo bu omi kànga sí i, mo bá iṣẹ́ lọ. Kí ilẹ̀ tó ṣú, méjì ti kú. Ó dùn mí púpọ̀.

Àrọ̀ lè gba afẹ́fẹ́ lókè omi, ìyẹn ló fi ń yè nínú ẹrẹ̀. Chiloglanis, tí Peters, onímọ̀ nípa ẹranko ará Jámánì, sọ lórúkọ ní 1868, kò rí bẹ́ẹ̀. Omi tó ń ya lu àpáta ló mọ̀, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń wọnú omi dáadáa, ètè rẹ̀ ló sì fi ń lẹ̀ mọ́ òkúta kí omi má baà gbé e lọ.

Mo fi pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ sínú bàsíà fún mẹ́rin tó kù, mo wá lọ ra àpótí gíláàsì. Pọ́ǹpù omi tó lágbára ni mo gbé sí igun kan, kó máa ti omi gba ọ̀nà kan ṣoṣo. Odò Òwenà ni mo ti ṣa òkúta. N kò mú ti odò Àlà, nítorí ìdọ̀tí tí a ń dà sí i láàárín ìlú. Mo rẹ òkúta náà sínú omi lójú oòrùn fún ọ̀sẹ̀ méjì, títí nǹkan aláwọ̀ ewé tó ń yọ̀ fi bò wọ́n, nítorí òun ni àwọn ẹja náà ń ha jẹ, pẹ̀lú ìdin kòkòrò omi. Oúnjẹ àrọ̀ tó ń léfòó kò ṣe é fún wọn: abẹ́ orí ni ẹnu wọn wà.

Ọ̀kan lẹ̀ mọ́ gíláàsì lọ́jọ́ kejì, mo sì rí abẹ́ rẹ̀ kedere. Ètè náà tẹ́ pẹrẹsẹ, ó rí róbótó bí owó wẹ́wẹ́, irùngbọ̀n rẹ̀ ti wọ inú ètè. Eyín tín-ín-tìn-ìn tò láàárín, wọ́n ń lọ, wọ́n ń bọ̀. Mo jókòó tì í títí tíì mi fi tutù.

Ní òru ọjọ́ kan wọ́n mú iná lọ. Nígbà tí mo fi tọ́ọ̀ṣì wò wọ́n, gbogbo wọn ti kúrò lára òkúta, wọ́n ti fà gun gíláàsì dé òkè omi. Mo sáré so pọ́ǹpù mọ́ bátìrì ọkọ̀. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn, wọ́n sì ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, wọ́n kọjú sí ibi tí omi ti ń bọ̀. Bátìrì náà kò kúrò níbẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà.