Páálí mọ́kànlélógójì ní Riverside

"Abúlé kan ni mò ń lọ lọ́la." Ohun tí mo sọ fún màmá mi lórí WhatsApp nìyẹn. Wọ́n dákẹ́ lọ títí, mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló já. Wọ́n wá ní, "Ṣebí Amẹ́ríkà lo wà? Ta ló tún wá rán ọ lọ sí abúlé?"

Ẹ̀rín ni mo fi dá wọn lóhùn, ṣùgbọ́n kò sí irọ́ nínú ohun tí mo sọ. Ní ìpínlẹ̀ Illinois, tí wọ́n bá pe ibì kan ní "village", kì í ṣe oko, kì í ṣe ibi tí ewúrẹ́ ti ń jẹ̀ kiri. Irú ìjọba ìbílẹ̀ kan ni lábẹ́ òfin, aráàlú ló ń dìbò yan ààrẹ rẹ̀ àti àwọn ìgbìmọ̀ tó ń bá a ṣe é. Bẹ́ẹ̀ ni o, ààrẹ abúlé. Schaumburg ní èèyàn tó lé ní 70,000, abúlé ṣì ni. Riverside tí èmi ń lọ kéré ní tiẹ̀ lóòótọ́, nǹkan bíi 9,000 èèyàn, ó sì sún mọ́ Chicago débi pé ọkọ̀ ojú irin tó ń kó èrò lọ sí àárín ìlú ń dúró níbẹ̀ lójoojúmọ́.

Iṣẹ́ páálí ni mò ń ṣe ní òpin ọ̀sẹ̀. Ìwọ lo ni mọ́tò, wọ́n á kó ẹrù fún ọ, wàá gbé e dé ẹnu ọ̀nà oníkálukú, wọ́n á sanwó. Iye kan náà ni wọ́n ń san, kò ní í lé sí i torí pé o sọnù. Bọ̀dá Múfú, ọmọ Abẹ́òkúta kan tó ti pẹ́ nídìí ẹ̀, ló mú mi wọ̀ ọ́. Nígbà tí mo fi iṣẹ́ ọjọ́ náà hàn wọ́n nínú fóònù, wọ́n mi orí. "Riverside? Má jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú ọ síbẹ̀ o. Ọ̀nà ibẹ̀ kò lórí, kò nídìí."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọkàn yín balẹ̀."

Ohun tó ń gùn mí ni pé mo ti mọ Chicago bí ẹni mowó. Ìlú yẹn ò le. Láti 1909 ni wọ́n ti to nọ́ńbà ilé ibẹ̀ kó máa bẹ̀rẹ̀ láti kọ́nà State Street àti Madison. Ibẹ̀ ni òdo. Bí o bá kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, 800 jẹ́ máìlì kan, 1600 jẹ́ méjì, bẹ́ẹ̀ ló ń lọ. Ẹni tó bá ní 7200 West lòun ń gbé, o ò níí bi í ní ọ̀nà mọ́: máìlì mẹ́sàn-án ni sí State, Harlem Avenue nìyẹn. Èmi tí wọ́n bí sí Òkè Àrẹ̀mọ n'Íbàdàn, tó jẹ́ pé nọ́ńbà kan ṣoṣo tó wà lára ilé wa ni èyí tí àwọn tó wá ka èèyàn fi ọ̀dà kọ síbẹ̀, ẹ lè mọ bí ọ̀rọ̀ nọ́ńbà yìí ṣe dùn mọ́ mi tó. Mo ti ń fi í yangàn fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Sátidé kan nínú oṣù Kejìlá ni. Aago mẹ́wàá ló yẹ kí wọ́n kó ẹrù fún mi, aago kan ku díẹ̀ ni mo tó kúrò lórí ìlà. Páálí mọ́kànlélógójì. Mo tò wọ́n sínú Sienna mi bí ápù ṣe tò wọ́n, èyí tó kọ́kọ́ ń jáde lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ti ìkẹyìn lẹ́yìn àga mi gan-an. Bí mo ṣe máa ń ṣe é nìyẹn, kò sì tíì já mi kulẹ̀ rí.

Cermak Road ni mo gbà. Ó gba inú Cicero, ó gba inú Berwyn, ó tọ́ ṣánṣán bí ẹni fi okùn wọ̀n ọ́n. Mo dé Harlem, mo yà wọ Riverside. Ká tó wí ká tó fọ̀, ọ̀nà ti ká bí ejò.

Ojúlé mẹ́ta àkọ́kọ́ lọ wọ́ọ́rọ́. Níbi ẹ̀kẹrin, fóònù ní kí n yà sọ́tùn-ún, mo yà. Ó ní kí n tún rọra yà sọ́tùn-ún, mo rọra yà. Mo bá ara mi níbi pápá kékeré onígun mẹ́ta kan tí ọ̀nà mẹ́ta pàdé sí, igi ńlá kan dúró sáàárín rẹ̀. Ní ọ̀kánkán, ọkùnrin kan ń fi ṣọ́bìrì kó yìnyín kúrò lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Mo wá ojúlé náà tì, mo lọ síwájú, mo yà, mo tún yà, ìdí igi náà ni mo tún já sí. Ọkùnrin yẹn wò mí. Nígbà tí mo yọ lẹ́ẹ̀kẹta, ó fi ṣọ́bìrì rẹ̀ ti, ó nawọ́ sókè kí mi bí ẹni tí a ti jọ ń gbé àdúgbò ọjọ́ ti pẹ́.

Kò kúkú ṣèèṣì rí bẹ́ẹ̀. Ní 1868 ni wọ́n gbé iṣẹ́ ìlú yìí lé Frederick Law Olmsted àti Calvert Vaux lọ́wọ́, àwọn méjì tó yàwòrán Central Park ní New York. Ilẹ̀ náà jẹ́ 1,600 éékà lẹ́bàá odò Des Plaines, ọkọ̀ ojú irin sì ti ń gba ibẹ̀ kọjá. Lójú Olmsted, ti ẹni tó ń kánjú ni ọ̀nà tó tọ́ ṣánṣán. Ẹni tó bá ti ṣíwọ́ iṣẹ́ ní Chicago tó ń bọ̀ wá sinmi, ọ̀nà tirẹ̀ gbọ́dọ̀ máa rọra yí, kí ojú rẹ̀ máa bá igi àti koríko pàdé. Ilé-iṣẹ́ tó gbé iṣẹ́ náà fún wọn ò jẹ èrè rẹ̀ kánrin: iná ńlá jó Chicago ní 1871, ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀ ní 1873, gbèsè sì gbé ilé-iṣẹ́ náà mì. Àwòrán ló ṣẹ́ kù. Ní 1970, ìjọba àpapọ̀ kà á mọ́ àwọn ibi ìtàn orílẹ̀-èdè, mi ò sì rò pé ẹnikẹ́ni máa wá fa ọ̀nà yẹn tọ́ lójú ayé mi. Kódà orúkọ òpópónà wọn, Repton, Downing, Michaux, Nuttall, orúkọ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ọgbà àti igi ni. Ibi ìsinmi pátápátá. Èmi nìkan ló ń kánjú níbẹ̀.

Ní aago mẹ́ta ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, páálí mẹ́sàn-án péré ló ti kúrò lọ́wọ́ mi. Mo já sí ibi tí Longcommon Road ti dábùú ojú irin, ni ọ̀pá ìdènà bá sọ̀ kalẹ̀ níwájú mi. Ọkọ̀ ẹrù ni, kì í ṣe ti èrò. Ẹni tó bá ti dúró de irú ẹ̀ rí mọ̀ pé èèyàn lè ka wágónù títí kó sú u, ìdí ọkọ̀ ò ní tíì yọ. Mo pa mọ́tò. Mo gbójú sókè, mo rí ilé gogoro omi wọn lápá ibùdókọ̀. William LeBaron Jenney ló yà á, òun náà ló padà kọ́ Home Insurance Building tó parí ní Chicago ní 1885, èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè ní ilé awòṣífìlà àkọ́kọ́ láyé. Nígbà yẹn, mi ò mọ ìyẹn. Ohun tí mo ṣáà mọ̀ ni pé mo ti rí gogoro yìí nígbà mẹ́ta láti apá mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Orí mi wá là. N'Íbàdàn, ta ló ń fi nọ́ńbà júwe ilé? "Tí o bá dé Bẹẹrẹ, kọjú sí Mápó, tí o bá ti rí mọ́ṣáláṣí aláwọ̀ ewé, béèrè ìyá alákàrà, ilé tó wà lẹ́yìn wọn ni." A ò sì sọnù. Bí ojú rẹ bá ti rí Mápó lórí òkè, o mọ ibi tí o wà. Mápó tiwọn rèé, gogoro omi. Ògùnpa tiwọn ni Des Plaines. Ojú irin sì ti la ìlú sí méjì. Kí ni mo tún ń wá lẹ́nu ọmọbìnrin inú fóònù?

Bí ọkọ̀ ẹrù ṣe kọjá, mo wá ibi gbọ́kọ̀ sí nítòsí ibùdókọ̀, mo ṣí búùtù, mo kó páálí méjìlélọ́gbọ̀n tó kù sílẹ̀ pátá. Mo bọ́ ìbọ̀wọ́ ọwọ́ ọ̀tún nítorí máàkà, òtútù sì ń gé mi níka jẹ. Mo ń wo orúkọ òpópónà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo ń yẹ ibi tó wà wò nínú máàpù, mo sì ń kọ lẹ́tà gàdàgbà kan sára rẹ̀: A fún àríwá ojú irin, G fún gúúsù, O fún odò, ìyẹn àwọn ará Bloomingbank àti Fairbank. A jẹ́ mẹ́rìndínlógún, G mẹ́wàá, O mẹ́fà. Àwọn tó wà lójú ọ̀nà kan náà, mo so wọ́n pọ̀, ohun tí ápù bá fẹ́ kó wí. Bí mo ṣe ń ṣe é lọ́wọ́ ni ọkọ̀ èrò dé láti Chicago. Èèyàn bíi mẹ́jọ bọ́ sílẹ̀, wọ́n wo ọjà tí mo pa sílẹ̀ yìí, wọ́n rìn wọnú kọ́nà kọ̀ọ̀kan lọ, kò pẹ́ tí mi ò fi rí ẹnì kankan mọ́.

Ìṣẹ́jú márùndínlọ́gbọ̀n ló gbà mí, iṣẹ́ tó dára jù tí mo ṣe lọ́jọ́ náà nìyẹn. Láti ìgbà yẹn, tí mo bá ti wọ òpópónà kan, mo ń tọ̀ ọ́ dópin ni. Ilé ọwọ́ ọ̀tún ni mo ń já ẹrù sí ní àlọ, tí òdìkejì di àbọ̀. Bí ojú mi bá pòòyì, mo ń wá orí gogoro láàárín ẹ̀ka, torí igi ti wọ́wé. Mi ò ní mi ò tún ṣìnà o. Mo ṣì í lẹ́ẹ̀mejì lápá Akenside, ṣùgbọ́n mo mọ ibi tí mo ti ṣì í.

Nígbà tó fi máa di aago mẹ́rin kọjá ogún ìṣẹ́jú, oòrùn ti wọ̀, ọ̀rọ̀ Bọ̀dá Múfú wá yé mi. Fìtílà gáàsì ni wọ́n ń tàn sójú ọ̀nà níbẹ̀ títí dòní. Ó rẹwà, ó pọ́n bí epo, àmọ́ ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò ju ìdí òpó ara rẹ̀ lọ. Olmsted sì ti ní kí ilé jìnnà sí ọ̀nà ní ẹsẹ̀ bàtà 30, kí igi wà níwájú rẹ̀, ó tún jẹ́ kí ojú ọ̀nà rẹlẹ̀ ju koríko lọ. Fún ẹni tó ń gbafẹ́, ọ̀ṣọ́ ni. Fún ẹni tó jókòó sínú mọ́tò, tó ń na ọrùn wo bóyá 2 ni wọ́n kọ sára òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni àbí 7, ìyà ni. Nọ́ńbà Chicago tí mo fi ń yangàn ò sì wúlò níbẹ̀, tiwọn ni wọ́n ń lò. Gbogbo ilé ni mo ń sọ̀ sí, mò ń tan tọ́ọ̀ṣì. Mo wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ìyeyè tó ń kọ mànà, mo sì ń gbé páálí síwájú àyà kí ojú fèrèsé kọ̀ọ̀kan lè rí i. Ọkùnrin aláwọ̀ dúdú tó ń tan tọ́ọ̀ṣì sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ olódẹ̀dẹ̀ lálẹ́, kó tètè jẹ́ kí wọ́n mọ ohun tó wá ṣe.

Ojúlé kan ní Scottswood ló dà mí láàmú jù. Mo rí nọ́ńbà tó ṣáájú rẹ̀, mo rí èyí tó tẹ̀lé e, òun alára di àwátì. Páálí náà sì wúwo bí ààbọ̀ àpò sìmẹ́ńtì. Mo ti lọ, mo ti bọ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, ni ìyá arúgbó kan tó ń mú ajá rẹ̀ rìn bá yọ. Ó ní, "Ẹnu ọ̀nà wọn ò sí lápá ibí. Ọ̀nà kejì yẹn ni wọ́n kọjú sí." Ilé orí kọ́nà ni. Ó ní kò sí àlejò tí kì í sọnù síbẹ̀, ọkọ ọmọ òun pàápàá sọnù lọ́jọ́ Ìdúpẹ́ tí wọ́n ń pè ní Thanksgiving. Ó ní kí n máa tẹ̀ lé òun.

Ajá ṣáájú, ìyá tẹ̀ lé ajá, èmi tẹ̀ lé ìyá. Apá ti ń ro mí, mo bá gbé páálí karí, ohun tí mi ò ṣe rí láti ọjọ́ tí mo ti dé Amẹ́ríkà. Nígbà tí ìyá bojú wẹ̀yìn, ó rí ẹrù lórí mi tí mi ò fọwọ́ dì mú. Ó dúró.

"Níbo lo ti wá?"

"Ìbàdàn ni, mà. Ní Nàìjíríà."

"Ṣé abúlé ni?"

"Rárá o, mà. Ó tóbi ju Chicago lọ. Ẹ̀yin lẹ̀ ń gbé abúlé."

Ó rẹ́rìn-ín débi pé ajá bẹ̀rẹ̀ sí í gbó.

Apá O ni mo fi ṣe ìkẹyìn, òun ló sì rọrùn jù. Ní Bloomingbank, ilé wà lápá kan, odò lápá kejì, kò sí ibi téèyàn máa ṣì wọ̀. Ilé Coonley tí Frank Lloyd Wright, gbajúmọ̀ ayàwòrán ilé, yà wà lójú ọ̀nà yẹn, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí mo rí nínú ẹ̀ ò ju iná díẹ̀ lẹ́yìn igi. Ní aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú márùndínlógójì, mo ya fọ́tò páálí kọkànlélógójì lórí ẹní ẹnu ọ̀nà, ápù fi àmì sí i, mo pe Bọ̀dá Múfú.

"Ẹ̀gbọ́n, mo ti parí."

"O ti jáde níbẹ̀?"

"Mò ń jáde lọ báyìí."

Mi ò tan máàpù. Kí ni mo fẹ́ fi í ṣe? Mo fi odò sẹ́yìn, mo kọjá ojú irin, mo yà síbi tó yẹ kí Harlem wà. Ọ̀nà rọra yí, mo bá a yí. Iná mọ́tò mi gbá igi ńlá kan lójú, láàárín pápá kékeré onígun mẹ́ta. Yìnyín ti tán lẹ́nu ọ̀nà ọ̀kánkán, ó mọ́ fónífóní. Ṣọ́bìrì wà lára ògiri, ọkùnrin náà ti wọlé lọ.