Ẹ pa ohùn rẹ̀ kí ẹ tó fún un ní máàkì

Ẹ̀yin ará Ìkòròdú tí wọ́n ń pè láti wá yẹ fídíò ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì wò, ẹ má kàn wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹ pa ohùn rẹ̀, kí ẹ wo ìṣẹ́jú 3. Lẹ́yìn náà, ẹ dojú fóònù délẹ̀, kí ẹ gbọ́ ìṣẹ́jú 3 kan náà. Ká ní pọ́ńpù omi ni wọ́n ń kọ́ni: bí ẹ bá rí fáàfù tó ń ṣí, tó ń padé, tí omi sì ń gòkè, àwòrán ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Bí ohùn nìkan bá ti tó yín, ọ̀ṣọ́ lásán ni àwòrán. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí ọ̀rọ̀ kún ojú síláìdì bámúbámú, kí olùkọ́ sì máa kà á síni létí. Richard Mayer, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà nípa bí èèyàn ṣe ń kẹ́kọ̀ọ́, ti fi ìdánwò hàn pé àwòrán pẹ̀lú àlàyé ẹnu sábà máa ń yé akẹ́kọ̀ọ́ ju kí wọ́n tún kọ ọ̀rọ̀ kan náà sójú rẹ̀ lọ. Ẹ wá fún akẹ́kọ̀ọ́ kan ní fídíò náà wò lórí fóònù kékeré nínú dánfó láti Agric dé Gáréèjì (ariwo kọ́ńdọ́ wà níbẹ̀, ìdánwò gidi ni), kó sì ya ohun tó yé e sórí ìwé. Àmọ́ o, èyí kò lè sọ bóyá òótọ́ ni wọ́n ń kọ́ni. Ẹni tó mọ iṣẹ́ náà ni kí ẹ fi ìyẹn lé lọ́wọ́.