Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Bí Ẹ Bá Fẹ́ Gba Kọ́tééjì ní Robin Hood's Bay

Robin Hood's Bay máa ń wu ènìyàn nínú fọ́tò: òrùlé pupa tó fara ti ara wọn, fèrèsé kéékèèké tó kọjú sí òkun, òdòdó lẹ́nu ọ̀nà. Abúlé apẹja àtijọ́ ni, ní etíkun Yorkshire ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bíi máìlì 6 sí gúúsù Whitby. Bay lásán ni àwọn ará ibẹ̀ ń pè é. Ẹbí tó bá gbéra láti Leeds tàbí Lọ́ńdọ̀nù lè lo ọ̀sẹ̀ kan níbẹ̀ kí ara tù wọ́n dáadáa. Àmọ́ ohun tó ń ba ìsinmi ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ́ níbẹ̀ kì í ṣe ilé tí wọ́n gbà. Òkè ni, àti òkun. Ẹni tó bá béèrè iye yàrá kó tó béèrè bí òkè ṣe rí àti ìgbà tí omi ń kún, ó ti gbé ọ̀rọ̀ náà sódì.

Ẹ má ṣe rò pé ẹ máa wa mọ́tò dé ẹnu ọ̀nà. Wọn kò gba mọ́tò àlejò láyè ní ìsàlẹ̀ abúlé, níbi tí àwọn kọ́tééjì (ilé kékeré àtijọ́ tí àlejò ń gbà fún ìsinmi) tó lẹ́wà jù wà. Ibi ìgbọ́kọ̀sí méjì ló wà lókè: ọ̀kan ní Bank Top, èkejì níbi tí ibùdó rélùwéè wà kí wọ́n tó ti ọ̀nà ojú irin náà pa ní 1965. Láti ibẹ̀, ẹsẹ̀ yá. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà le débi pé ní apá kan, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta tí ẹ bá rìn, ẹ ti sọ̀ kalẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà kan. Bí ẹ bá kúrò lójú títì tán, ọ̀nà tóóró àti àtẹ̀gùn òkúta ló kù. Báàgì ńlá onítáyà kò wúlò níbẹ̀, kúlà àti àpò ìrẹsì á sì di ìyà. Ẹ di ẹrù sínú báàgì tí ẹ lè gbé kọ́ ẹ̀yìn. Ọmọ tó bá ṣeé pọ̀n, ẹ pọ̀n ọ́n. Ẹ fi kẹ̀kẹ́ ọmọ sílẹ̀ nílé.

Bí màmá bá wà nínú ìrìn àjò náà, tí orúnkún ń dùn wọ́n, ẹ má fi kọ́tééjì ìsàlẹ̀ dán wọn wò. Wọ́n lè sọ̀ kalẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ kí wọ́n má jáde mọ́ títí di ọjọ́ tí ẹ máa padà. Àwọn ilé ńlá tí wọ́n kọ́ sókè, nítòsí ibùdó rélùwéè àtijọ́, ló yẹ irú ẹbí bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ̀wé sí onílé kí ẹ tó sanwó, ẹ bi í ní tààrà: àtẹ̀gùn mélòó ló wà láti ojú títì dé ẹnu ilẹ̀kùn, mélòó ló sì wà nínú ilé?

Mo fẹ́ kí ẹ mọ ohun tí ojú òkè yìí ti rí. Ní oṣù kìíní ọdún 1881, ọkọ̀ òkun kan tó ń jẹ́ Visitor rì sí Bay nígbà ìjì. Ọkọ̀ adóòlà ẹ̀mí tó wà ní Whitby kò lè gba orí òkun wá, ni wọ́n bá fi ẹṣin àti ọwọ́ ènìyàn wọ́ ọ gba orí ilẹ̀ fún bíi máìlì 6, nínú yìnyín tó ga ju ènìyàn lọ láwọn ibì kan. Àwọn ará Bay ń la ọ̀nà bọ̀ láti apá tiwọn. Wọ́n fi okùn sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lójú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn. Òkun kọ́kọ́ dá wọn padà, ìgbì kán àjẹ̀ mọ́ wọn lọ́wọ́. Ẹ̀ẹ̀kejì ni wọ́n tó rí àwọn tó wà nínú omi kó. Àmì ìrántí rẹ̀ wà lókè abúlé, ẹ dúró kà á bí ẹ bá ń sinmi.

Àṣìṣe tó tún wọ́pọ̀ ni kí wọ́n kọ ọ́ pé ilé gba ènìyàn mẹ́fà, kí ẹ wá mú àbúrò méjì dání torí pé "a máa ṣe é." Mẹ́fà yẹn gan-an, wọ́n ti ka àga tí wọ́n ń tẹ́ di bẹ́ẹ̀dì ní pálọ̀ mọ́ ọn. Apẹja ló kọ́ ilé wọ̀nyí. Àjà wọn kò ga, igi àjà á sì gbá ẹni tó bá ga lórí títí yóò fi mọ̀ ọ́n. Àtẹ̀gùn inú ilé ga ganran. Ilé fara ti ilé tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń sọ pé láyé àwọn onífàyàwọ́, ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, ẹrù aṣọ ṣẹ́dà lè gba inú ilé dé inú ilé láti etí omi dé orí òkè láìfojú kan oòrùn. Ẹ rántí ìyẹn ní aago mọ́kànlá òru tí ẹ̀rín bá ń pa yín. Àwọn kan ṣì ń gbé ibẹ̀ ní gbogbo ọdún, ògiri kan náà ló sì wà láàárín yín.

Ẹ má sì dín ata ní kíṣìnì yẹn pẹ̀lú fèrèsé títì. Aago tó ń ké bí èéfín bá rú máa jí gbogbo àdúgbò. Ẹ ti dín ọbẹ̀ ata láti ilé, kí ẹ fi rọ́bà gbé e wá. Kò sí ìsọ̀ tó ń ta èlò ọbẹ̀ wa ní abúlé náà.

Ọ̀rọ̀ òkun ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ jù. Ẹni tó dàgbà sí Èkó mọ òkun tó ń bínú, àmọ́ kò mọ èyí tó ń kúrò nílé tó sì ń padà dé. Ní Èkó, ìyàtọ̀ ìgbà tí omi kún àti ìgbà tó fà kò ju bíi mítà kan lọ. Ní apá Whitby, ó lè tó mítà 4 sí 5 nígbà oṣù tuntun àti oṣù àrànmọ́jú. Bí omi bá fà, ẹ máa rí àpáta pẹrẹsẹ tó lọ jìnnà, adágún kéékèèké tí akàn wà nínú rẹ̀, àwọn ọmọ á máa sáré kiri. Lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, omi á ti dé ẹsẹ̀ ògiri.

Ibi tí omi ti sábà ń há ènìyàn mọ́ ni ọ̀nà etíkun tó lọ sí Boggle Hole, ní gúúsù abúlé. Kò jìnnà, torí náà wọ́n á ní kò síṣòro. Ṣùgbọ́n bí omi bá kún, kò sí iyanrìn mọ́ ní ìsàlẹ̀ òkè etíkun, ẹ kò sì lè gun òkè náà, torí amọ̀ rírọ̀ tó ń ya lulẹ̀ ló pọ̀ lára rẹ̀. Omi kì í sì í gba iwájú nìkan wọlé; ó máa ń gba kòtò tó wà lẹ́yìn yín, kí ẹ tó mọ̀, ó ti yí yín ká. Ẹ jáde nígbà tí omi ṣì ń fà, kí ẹ ti padà kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kún. Bí ẹ bá pẹ́, ẹ gba ọ̀nà orí òkè, Cleveland Way, padà.

Ẹ wo àkókò tí omi máa kún àti ìgbà tó máa fà lójoojúmọ́, torí ó máa ń pẹ́ ju ti àná lọ ní bíi ìṣẹ́jú 50. Àwọn ìwé kan tẹ̀ ẹ́ ní aago GMT, tó túmọ̀ sí pé ẹ gbọ́dọ̀ fi wákàtí kan kún un nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí ẹ bá há, ẹ pe 999, ẹ ní Coastguard, àwọn tó ń dóòlà ẹ̀mí létíkun, lẹ fẹ́. Ẹ má gbọ́kàn lé e pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa wà lábẹ́ òkè.

Àwọn ọmọ á fẹ́ wá òkúta tó ní àmì ìkarahun ẹ̀dá inú òkun ayé àtijọ́ tó jọ ti ìgbín. Kí wọ́n mú èyí tó wà nílẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi hámà gbẹ́ ara òkè, ẹ má sì tẹ́ ẹní jókòó sí ìdí rẹ̀, pàápàá lẹ́yìn òjò. Òkun náà ti gba ilé tó lé ní ogún lọ́wọ́ abúlé yìí nígbà tí ilẹ̀ ya ní 1780, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi mọ ògiri ńlá síbẹ̀ ní 1975.

Ẹ má retí oòrùn torí pé Oṣù Kẹjọ ni. Kùrukùru lè ti orí òkun wọlé kó bo abúlé nígbà tí oòrùn ń ràn ní máìlì méjì péré sínú ilẹ̀. Omi fúnra rẹ̀ kì í sábà kọjá 15°C, ẹ má bẹ́ sínú rẹ̀ lójijì. Oṣù Kẹsàn-án ni mo fẹ́ràn jù fún ẹni tí kò ní ọmọ iléèwé: owó ilé ti wálẹ̀, omi kò sì tíì tutù tán.

Ọ̀pọ̀ kọ́tééjì kì í gba àlejò kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù, wọ́n sì fẹ́ kí ẹ jáde ní aago mẹ́wàá àárọ̀. Ẹni tó bá dé ní ọ̀sán gangan máa fi ẹrù jókòó sójú títì, àwọn ẹyẹ òkun á sì já ẹja díndín gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ má fún wọn ní nǹkan kan, ẹ má sì gbé ọ̀rá ìdọ̀tí sí ìta lóru, torí wọ́n á tú u ká kí ilẹ̀ tó mọ́.

Bí ẹ bá ń padà lọ, ẹ yà sí Whitby ra kipper ní Fortune's, tí wọ́n ti ń yan ṣáwá lórí èéfín igi láti 1872. Ẹ ra á kẹ́yìn gbogbo nǹkan, kí ẹ fi ọ̀rá méjì dì í, kí ẹ sì gbé e sí búùtù. Láti ibẹ̀ dé Lọ́ńdọ̀nù, ó ju wákàtí mẹ́rin lọ nínú mọ́tò.