Etí ni mo ń tọ́jú, àṣé párì ni

Oṣù méjì gbáko ni mo fi ń kán oògùn sí etí ọ̀tún. Bí mo bá jí láàárọ̀, ìrora á ti gba iwájú etí dé ẹ̀bátí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi á le gbagidi bí ẹni tó jẹ àgbàdo sísun mọ́jú. Etí ò sọyún, kò ṣomi, síbẹ̀ mo ń kán an. Ó dùn mí pé n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yẹ̀ ẹ́ wò kí n tó bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ tí mo yán, tí párì mi há, tí n kò rí ẹnu pa dé fún bí ìṣẹ́jú kan, ni mo gba ọ̀dọ̀ dókítà eléyín lọ.

Ó ní, "Bàbá, ẹ fi ìka síwájú etí méjèèjì, kí ẹ wá la ẹnu díẹ̀díẹ̀." Apá òsì yọ̀ wọ́ọ́rọ́. Apá ọ̀tún dún "kọ́!" lábẹ́ ìka mi. Ó tún ní kí n to ìka mẹ́ta lórí ara wọn sáàárín eyín òkè àti tìsàlẹ̀. Ọ̀pọ̀ àgbà ló lè ṣe é. Méjì péré ló wọ ẹnu tèmi.

Oríkèé tó so àgbọ̀n mọ́ agbárí ló wà níbẹ̀, ẹ̀gbẹ́ etí gan-an, ìdí nìyẹn tí ìrora rẹ̀ fi ń jọ ti etí. Kerekere pẹlẹbẹ kan ló tẹ́ sáàárín eegun méjèèjì bíi tìmùtìmù. Bó bá yẹ̀ kúrò láyè rẹ̀, tó tún bọ́ padà, á dún. Dídún lásán láìsí ìrora kò gba ìtọ́jú.

"Ṣé ẹ máa ń payín keke lójú oorun?" Mo ní rárá. Ìyàwó mi ní, "Gbogbo òru ni wọ́n ń pa á, dókítà. Mò ń gbọ́ ọ."

Mo pa obì àti ṣingọ́ọ̀mù tì. Ẹ̀kọ, mọ́ínmọ́ín àti àmàlà ni mò ń jẹ. Mò ń fi táwẹ̀lì tí mo rì sómi lílọ́wọ́ọ́wọ́ lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ láàárọ̀ àti lálẹ́, bí mo bá sì fẹ́ yán, màá fi ọwọ́ ti àgbọ̀n lábẹ́. Wọ́n ṣe ike kan tí mò ń fi bo eyín sùn.

Èyí tó le jù ni ti ojúmọmọ: kí ètè pàdé, kí eyín má kan eyín. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ìwó Road ni mo ti mọ̀ pé mò ń deyín pọ̀ gírígírí. Mo lẹ bébà kékeré mọ́ ibi tí ojú mi máa ń bọ́ sí nínú ọkọ̀, mo kọ "Eyín" sí i.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ìka kẹta wọlé. "Kọ́" ṣì ń dún lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kò ro mí mọ́.