Wọ́n Kọ X Sára Igi Kókó Yín: Ohun Tí Ìwé Òfin Nàìjíríà Ṣe Fún Àgbẹ̀ àti Ará Ilé

Ẹ jí lọ sóko láàárọ̀, ẹ débẹ̀ ẹ bá a pé wọ́n ti fi ọ̀dà pupa kọ X sára igi kókó, wọ́n ri igi pẹlẹbẹ bíi mẹ́rin mọ́lẹ̀ láàárín ẹ̀gẹ́, wọ́n so aṣọ pupa tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ọn lórí, kò sì sẹ́nì kankan níbẹ̀ tẹ́ ẹ máa bi. Àwọn kan á fà á tu jù sígbó. Àwọn kan á gba ilé baálẹ̀ lọ, baálẹ̀ náà ò sì gbọ́ nǹkan kan. Torí irú àárọ̀ bẹ́ẹ̀ la ṣe kọ ìwé yìí, torí ẹni tí ò bá mọ ilẹ̀kùn tó yẹ kó kàn, ó lè rìn títí ẹsẹ̀ á fi wú, ọ̀rọ̀ ẹ̀ ò ní kúrò lójú kan.

Ìwé òfin tí à ń sọ yìí, tí wọ́n ń pè ní kọnstitúṣọ̀n, ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 1999 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìjọba ológun Ọ̀gágun Abdulsalami Abubakar ló gbé e jáde kí wọ́n tó gbéjọba fún alágbádá, ìdí nìyẹn tínú fi ń bí àwọn kan sí ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ níbi tó ti ní àwa èèyàn Nàìjíríà la ṣe é, wọ́n ní ta ló pè wá síbẹ̀. Èmi náà gbà pé ọ̀rọ̀ wọn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n òun ló wà lọ́wọ́ wa báyìí, abala 1 sì sọ pé òun lolórí gbogbo òfin, bó jẹ́ òfin tí Abújá ṣe ni o, bó jẹ́ ti ìpínlẹ̀ ni o, tó bá ti ta ko ìwé yìí, òtúbáńtẹ́ ni.

Ohun kan wà tó yẹ ká tètè là yéra wa. Orí Kejì ìwé náà kún fún nǹkan tó dáa, ẹ̀kọ́, ìlera, iṣẹ́, kódà abala 14 ní ààbò àti ìgbáyégbádùn aráàlú ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ ìjọba. Àmọ́ abala 6 inú ìwé kan náà ní ẹ ò lè torí Orí Kejì gbé ìjọba lọ sí kóòtù. Orí Kẹrin, láti abala 33 dé 46, lèyí tí kóòtù lè gbà fún yín tí wọ́n bá dù yín. Nítorí náà ilẹ̀kùn méjì ló wà. Tí wọ́n bá fọwọ́ kan ẹ̀mí yín, ara yín, òmìnira yín tàbí dúkìá yín, kóòtù ni. Tó bá jẹ́ pé títì ò dáa, kò sí nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn abúlé, ọ̀dọ̀ àwọn tẹ́ ẹ dìbò fún ni. Ibi téèyàn ti ń ṣìnà jù nìyẹn.

Ilẹ̀ àti oko

Láti 1978 ni òfin ilẹ̀ ti ní gọ́mìnà ló ń mójú tó ilẹ̀ ìpínlẹ̀ fún gbogbo aráàlú, ó sì lè gba ilẹ̀ tó bá jẹ́ pé iṣẹ́ ìlú ló fẹ́ fi ṣe, bíi títì tàbí iléèwé. Òótọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n abala 44 ìwé òfin ní wọn ò gbọ́dọ̀ fipá gba dúkìá ẹnikẹ́ni àfi lọ́nà tí òfin là sílẹ̀, kí wọ́n sì tètè san owó gbà-má-bínú, kí ẹni tọ́rọ̀ kàn sì lè lọ sí kóòtù tí iye tí wọ́n fẹ́ san ò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ẹ fetí sí èyí dáadáa o: òfin ilẹ̀ yẹn ò ní kí wọ́n sanwó ilẹ̀ fúnra ẹ̀ bí ìgbà téèyàn ń tà á lọ́jà, nǹkan tẹ́ ẹ kọ́ sórí ẹ̀ àti nǹkan tẹ́ ẹ gbìn síbẹ̀ ni wọ́n máa ṣírò. Ẹni tí ò mọ iye igi tó ní, iye tí wọ́n bá pè fún un ló máa gbà.

Nítorí náà ẹ máa kà á. Kí X pupa kankan tó dé rárá, ẹ mú ìwé ẹ̀kọ́ ọmọdé kan lọ sóko, ẹ kọ iye kókó, iye ọ̀pẹ, iye ọsàn, ẹ kọ ọdún tẹ́ ẹ gbìn wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ẹ fi fóònù yà á, kẹ́ ẹ jẹ́ kí aládùúgbò oko yín wà nínú fótò náà. Tí àwọn tó ń wọn ilẹ̀ bá dé, ẹ má bá wọn jà. Ẹ béèrè ilé iṣẹ́ tó rán wọn, ẹ béèrè nótíìsì lórí ìwé. Ẹ má fọwọ́ sí ohunkóhun tí wọn ò tíì kà fún yín ní Yorùbá, wọn ì báà kánjú bíi kí ni. Tó bá sì jẹ́ góòlù ni wọ́n rí nísàlẹ̀ oko, abala 44 yìí kan náà ló sọ pé tìjọba àpapọ̀ ni gbogbo ohun àlùmọ́ọ́nì, ṣùgbọ́n igi yín tí wọ́n bà jẹ́ kì í ṣe ohun àlùmọ́ọ́nì, ẹ béèrè owó ẹ̀.

Tí ọlọ́pàá bá mú yín

Ẹ̀gbọ́n mi kan jẹ oníṣòwò gààrí lówó, ẹ̀gẹ́ ò ṣe dáadáa lọ́dún yẹn, oníṣòwò bá lọ pe ọlọ́pàá. Oru méjì ló sùn ní téṣàn, ìyàwó ẹ̀ ń gbé oúnjẹ lọ gbé abọ́ òfìfo bọ̀, wọ́n ní kó lọ wá owó wá. Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé òfin ọlọ́pàá ti 2020 kọ̀ ọ́ pátápátá pé kí wọ́n mú èèyàn torí ọ̀rọ̀ gbèsè tàbí àdéhùn lásán. Ọ̀rọ̀ gbèsè, kóòtù ló ń lọ.

Tó bá jẹ́ ẹ̀sùn ọ̀daràn ni wọ́n fi mú èèyàn, abala 35 ní kí wọ́n kọ ìdí tí wọ́n fi mú un sórí ìwé fún un láàárín wákàtí 24, ní èdè tó gbọ́. Ẹ ẹ̀ rí i pé èdè tó gbọ́ ni wọ́n sọ. Ó láǹfààní láti dákẹ́ títí tó fi máa bá lọ́yà tàbí èèyàn ẹ̀ kan sọ̀rọ̀. Tí kóòtù bá wà láàárín 40 kìlómítà síbi tí wọ́n ti mú un, ọjọ́ kan péré ni wọ́n ní láti fi gbé e dé ọ̀dọ̀ adájọ́, tí kò bá sí, ọjọ́ méjì, àfi tí kóòtù bá rí ìdí tó fi yẹ kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní kóòtù, tí kò bá gbọ́ èdè tí wọ́n ń sọ, abala 36 ní kí wọ́n wá ògbufọ̀ fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Béèlì náà, ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tí ò lówó lọ́yà, kó béèrè Legal Aid Council, ìjọba ló dá a sílẹ̀ fún irú wọn.

Ogún

Ní tiwa, bí wọ́n bá pín ogún ní ìdí igi, ìyẹn ìpín kan fún ọmọ ìyàwó kọ̀ọ̀kan, tàbí orí ò jorí, ìyẹn ìpín kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, ọmọbìnrin wà níbẹ̀. Síbẹ̀ àwọn ẹ̀gbọ́n ọkùnrin kan ṣì máa ń sọ pé ṣebí ilé ọkọ lo wà. Abala 42 ò gbà kí wọ́n fi bí wọ́n ṣe bí èèyàn fi ohunkóhun dù ú, ilé ẹjọ́ tó ga jù sì sọ ọ́ lọ́dún 2014, nínú ẹjọ́ ìdílé Ígbò kan, pé àṣà tó ní kí ọmọbìnrin má jogún bàbá ẹ̀ ta ko ìwé òfin. Oko wà nínú ogún yẹn náà.

Àwọn aṣòfin

Sẹ́nétọ̀ 109 ló wà l'Ábújá, mẹ́ta mẹ́ta fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan fún Abújá. Ilé aṣojú-ṣòfin ní 360. Ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ ò lè dín ní 24, kò sì lè ju 40 lọ. Abádòfin gbọ́dọ̀ gba ilé méjèèjì kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ ààrẹ, ààrẹ ní ọgbọ̀n ọjọ́, tó bá kọ̀ tí ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé kọ̀ọ̀kan tún fọwọ́ sí i, ó ti dòfin nìyẹn láìsí ọwọ́ ẹ̀. Láti tún ìwé òfin fúnra ẹ̀ ṣe, àfi kí ìpínlẹ̀ 24 nínú 36 tún gbà sí i.

Iṣẹ́ wọn ni òfin, bọ́jẹ́ẹ̀tì àti wíwádìí bí wọ́n ṣe ná owó. Ó máa ń dùn mí tí ọnarébù bá wá, tó pín àpò ajílẹ̀ méjìméjì, tá a jó, tí ẹnì kankan ò bi í pé títì oko wa tó wà nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì èṣí ńkọ́. Ọjà, gárééjì àti ilé ìpẹran, ti ìjọba ìbílẹ̀ ni gbogbo ẹ̀, 774 ló sì wà. Ọjọ́ 11 oṣù keje 2024 ni ilé ẹjọ́ tó ga jù ní gọ́mìnà ò gbọ́dọ̀ mú owó wọn sọ́wọ́ mọ́, torí náà kánsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù yín lẹ kọ́kọ́ máa bi.

Abala 69 gbà pé ẹ lè pe sẹ́nétọ̀ tàbí aṣojú-ṣòfin padà wálé, 110 sì gbà á fún ti ìpínlẹ̀, tí ó bá ju ìdajì àwọn tó forúkọ sílẹ̀ láti dìbò lágbègbè náà lọ tó fọwọ́ sí i, kí INEC, àjọ tó ń ṣètò ìdìbò, tó wá jẹ́ kí àwọn olùdìbò agbègbè náà dìbò lé e lórí láàárín 90 ọjọ́. Iṣẹ́ ńlá ni o. Lẹ́tà ló rọrùn jù. Kí ẹgbẹ́ àgbẹ̀ pawọ́ pọ̀ kọ ọ́, ohun kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ béèrè nínú ẹ̀, ẹ dárúkọ títì náà láti abúlé wo dé abúlé wo, ẹ dárúkọ ọdún bọ́jẹ́ẹ̀tì, kí gbogbo yín fọwọ́ sí i, ẹni tí ò mọ̀wé kó tẹ̀ka. Ẹ tẹ ẹ̀dà méjì, ẹ gbé e lọ sí ọ́fíìsì ẹ̀ lọ́jọ́ iṣẹ́, ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀, kẹ́ ẹ má sì kúrò níbẹ̀ títí akọ̀wé á fi lu òǹtẹ̀ tó ní déètì sára èkejì tẹ́ ẹ máa gbé wálé.