Ike ₦500 tó fọ́ ojú láptọ́ọ̀pù mi, àti bí mo ṣe wá fọ́ kámẹ́rà rẹ̀ lójú

₦95,000 ni mo kà sílẹ̀ ní Computer Village, Ìkẹjà, kí wọ́n tó bá mi pààrọ̀ ojú láptọ́ọ̀pù. Ike tí mo ra ní ₦500, mẹ́ta nínú ọ̀rá kan, ló fà á. Nígbà tí mo lọ gba ẹ̀rọ náà, ọmọkùnrin tó tún un ṣe na ike náà sí mi: "Ẹ̀gbọ́n, nǹkan yín rèé o. Ṣé kí n bá yín lẹ̀ ẹ́ padà?" Mo kàn wò ó ni.

Ike yẹn ni irú èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ orí kámẹ́rà, téèyàn á máa fà sọ́tùn-ún fà sósì. Mo rà á lẹ́yìn ìpàdé Zoom kan tí gbogbo ọ́fíìsì ti rí mi nínú síngílẹ́ẹ̀tì. Ohun tí ẹni tó tà á ò sọ ni pé àlàfo tó wà láàárín ojú láptọ́ọ̀pù àti bọ́tìnì rẹ̀ ò tó nǹkan. Mo pa á dé lálẹ́ ọjọ́ kan, mo kì í bọ báàgì, mo to ìwé lé e. Nígbà tí mo ṣí i láàárọ̀, ìlà dúdú kan ti là á láti abẹ́ kámẹ́rà dé ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn tí owó ti lọ ni mo tó kà á pé láti 2020 ni Apple ti ń kìlọ̀ fáwọn tó ń lo MacBook pé kí wọ́n má ṣe pa á dé tòun ti ìbòjú kámẹ́rà. Tèmi kì í ṣe MacBook, ṣùgbọ́n gíláàsì ni gíláàsì ń jẹ́.

Ẹ má sọ fún mi pé kí ni mo tilẹ̀ ń bo kámẹ́rà fún. Nínú fọ́tò tí Mark Zuckerberg tó dá Facebook sílẹ̀ fúnra rẹ̀ gbé jáde ní 2016, téèpù wà lójú kámẹ́rà láptọ́ọ̀pù tó wà lórí tábìlì rẹ̀. Lọ́dún yẹn kan náà, James Comey tó jẹ́ ọ̀gá FBI nígbà náà sọ pé òun náà lẹ téèpù mọ́ tòun. Iná kékeré tó ń tàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kámẹ́rà kọ́ lèèyàn á gbára lé: ní 2013, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Johns Hopkins ní Amẹ́ríkà fi hàn pé àwọn lè ṣí kámẹ́rà MacBook àtijọ́ kí iná rẹ̀ má tàn rárá.

Mo bá ní kò sí ike mọ́, inú ẹ̀rọ ni n ó ti pa á. Ìyẹn ò le. Ẹ tẹ bọ́tìnì Windows àti X pọ̀, ẹ yan Device Manager, ẹ ṣí Cameras, ẹ fi ọ̀tún máúsì tẹ orúkọ rẹ̀, kí ẹ yan Disable device. Ẹ má yan Uninstall o. Mo kọ́kọ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Bí mo ṣe tan ẹ̀rọ padà báyìí, kámẹ́rà ti jókòó síbi tó wà tẹ́lẹ̀.

Kámẹ́rà méjì ni mo bá níbẹ̀. Èkejì ní "IR" lára orúkọ rẹ̀. Mo ní ta tún lèyí? Mo pa méjèèjì, mo wá ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó mú olè.

Ilẹ̀ mọ́, láptọ́ọ̀pù ò dá mi mọ̀. Àṣé kámẹ́rà IR yẹn ni Windows Hello fi ń wo ojú mi kó tó jẹ́ kí n wọlé! Ó ní kí n tẹ PIN. PIN wo? Ó lé lọ́dún kan tí mo ti tẹ̀ ẹ́ kẹ́yìn. Mo tẹ ọdún tí wọ́n bí mi, ó kọ̀. Mo tẹ ti ATM, ó kọ̀. Nígbà tó yá ó ní kí n tẹ A1B2C3, bí ẹni pé ewúrẹ́ ló ń rìn lórí bọ́tìnì. Mi ò sì rí ibi tí mo lè tẹ password sí, torí èmi fúnra mi ni mo ti yàn án tẹ́lẹ̀ pé Windows Hello nìkan ni kí n máa fi wọlé.

Mo tẹ "I forgot my PIN". Ó gba password níbẹ̀, ó wá ní òun máa fi kóòdù ránṣẹ́ sí nọ́ńbà mi. Nọ́ńbà wo? Èyí tí mo fi sílẹ̀ lọ́jọ́ tí mo ra ẹ̀rọ! Síìmù yẹn ti kú sínú dúrọ́ọ̀ láti 2024 tí wọ́n ti ti àwọn láìnì tí wọn ò so mọ́ NIN pa.

Bí mo ṣe dẹni tó ń tò sórí ìlà ní ọ́fíìsì nẹ́tíwọ́ọ̀kì nìyẹn, láti aago mẹ́sàn-án. Nígbà tó fi máa kàn mí, ọmọbìnrin tó wà ní kántà ní, "Ẹ má bínú sà, síṣítẹ́ẹ̀mù ti lọ." Lọ́jọ́ kejì síṣítẹ́ẹ̀mù dé, ṣùgbọ́n "sh" ló wà nínú orúkọ mi lórí síìmù, "s" ló wà lórí NIN. Nítorí "h" kan ṣoṣo! Ìyàwó mi pè mí: "Bàbá Tọ́lá, ṣé nítorí kámẹ́rà yìí náà ni?" Mi ò fèsì. Ọjọ́ kẹrin ni láìnì ṣí, kóòdù wọlé, mo yí PIN padà, mo sì kọ ọ́ sẹ́yìn Bíbélì. Ẹ lè rẹ́rìn-ín.

Ìbínú yẹn ló gbé mi dé BIOS, ibi ètò ìpìlẹ̀ ẹ̀rọ téèyàn ń wọ̀ kí Windows tó ṣí. Mo tan ẹ̀rọ, mo ń tẹ F1 léraléra. Tiyín lè jẹ́ F2, F10 tàbí Delete. Lábẹ́ Security ni mo ti rí I/O Port Access, mo yí Integrated Camera sí Disabled. Nínú ẹ̀rọ tèmi, méjèèjì ló bá a lọ. Nígbà tí Windows ṣí, Cameras ò tilẹ̀ sí nínú Device Manager mọ́. Inú mi dùn débi pé mo pe ìyàwó mi wá wò ó. Ó wò ó, ó ní òun ò rí nǹkan kan. Mo ní ohun tí mo ń sọ gan-an nìyẹn!

Gbogbo láptọ́ọ̀pù kọ́ ló ní èyí nínú BIOS. Tí tiyín ò bá ní in, Device Manager náà ni, kí ẹ sì lẹ téèpù dúdú pẹlẹbẹ lé e. Ìyẹn ò nípọn bí ike. Mi ò gbára lé ibi tí wọ́n ti ń pa kámẹ́rà nínú Privacy tó wà ní Settings, torí Microsoft fúnra rẹ̀ sọ pé àwọn ètò kan tí a gbé sórí ẹ̀rọ ṣì lè lò ó lẹ́yìn tí a bá pa á níbẹ̀. Ẹ má sì gbàgbé gbohùngbohùn, torí kò sí ìbòjú tó ń di etí. Abẹ́ Audio inputs and outputs nínú Device Manager ni mo ti pa tèmi.

Ká ní mo mọ̀ ni, PIN ni mi ò bá kọ́kọ́ dán wò, kí n tún wo nọ́ńbà tó wà lórí àkáǹtì mi, kí n tó fọwọ́ kan kámẹ́rà kankan.

Fún ìpàdé, mo ra kámẹ́rà USB kan. Tí ìpàdé bá ti parí, mo yọ ọ́, mo gbé e kọ́ ìṣó. Ike méjì tó kù, Tọ́lá ti lẹ ọ̀kan mọ́ ihò tí a fi ń yọjú wo ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Ní báyìí tí wọ́n bá kan ilẹ̀kùn, a ò mọ ẹni tó dé.