Kajú pupa mi di búlúù nínú kọ̀ǹpútà, kí ló fà á?

Ìbéèrè: Okun o, ẹ̀gbọ́n. Kàbbà ni mo wà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí kọ̀ǹpútà ṣe ń wo àwòrán ni, Python àti OpenCV (àkójọ kóòdù tó ń bá àwòrán ṣiṣẹ́) ni mo ń lò. Mo fi fóònù ya kajú tó jábọ́ sábẹ́ igi lóko bàbá mi, mo fẹ́ kó máa bá mi ka àwọn tó pupa. Àfi bí mo ṣe ṣí fótò náà nínú kóòdù tí kajú pupa di búlúù, èyí tó yẹ́lò náà dà bí aṣọ tí wọ́n rẹ láró, ewé nìkan ni ò yí padà! Mo ti yọ OpenCV kúrò mo tún gbé e wọlé lẹ́ẹ̀mejì, dátà mi ti jóná lórí ẹ̀. Àbí kámẹ́rà mi ló bàjẹ́ ni?

Ìdáhùn: Okun àbúrò, kámẹ́rà ẹ ò ṣe nǹkan kan. Ewé tó o ní ò yí padà yẹn gan-an ló tú àṣírí ọ̀rọ̀ náà. Píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà mẹ́ta ni, látorí 0 dé 255, ti pupa, ti gíríìnì, ti búlúù. OpenCV máa ń kọ́kọ́ to búlúù síwájú (BGR), Matplotlib tó o fi ń wò ó ní tiẹ̀ gbà pé pupa ló ṣáájú (RGB), ni pupa àti búlúù bá gba ìjókòó ara wọn, gíríìnì wà láàárín, kò síbi tó ń lọ. Kajú tó jẹ́ 220, 40, 30 di 30, 40, 220. Kọ èyí kó o tó fi plt.imshow hàn án:

img = cv2.cvtColor(img, cv2.COLOR_BGR2RGB)

Ẹ̀ẹ̀kan péré o! Èmi ṣe é lẹ́ẹ̀mejì lóru ọjọ́ kan, búlúù tún padà dé, díẹ̀ ló kù kí n sunkún.

Ìbéèrè: Ó ti ṣiṣẹ́, ẹ ṣé gan-an. Mo wá lo HSV (H ni irú àwọ̀, S ni bó ṣe kún tó, V ni bó ṣe mọ́lẹ̀ tó) láti mú pupa, mo fi H sí 0 dé 10, àmọ́ ṣe ni àwọn kajú kan dà bíi pé eku ti jẹ ẹ̀gbẹ́ wọn.

Ìdáhùn: H yẹn, òbìrí ni, bí ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn, ojú ibi tí wọ́n ti so ó gan-an ni pupa sì jókòó sí. Dígírì 360 ni gbogbo ẹ̀, OpenCV pín in sí méjì kó lè wọ inú 8-bit (tí kò lè gba nọ́ńbà tó kọjá 255), ìyẹn ló ṣe jẹ́ 0 dé 179. Ìdajì pupa wà ní 0 dé 10, ìdajì tó kù wà ní 170 dé 179, máàsìkì méjì (àwòrán dúdú àti funfun tó ń fi ibi tí àwọ̀ náà wà hàn) lo máa ṣe, kó o fi cv2.bitwise_or pa wọ́n pọ̀. Jẹ́ kí S àti V bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí 100, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yẹ̀pẹ̀ pupa abẹ́ igi yẹn lè bá kajú wọlé. Níwọ̀n ìgbà tó o sì ti yí i sí RGB, COLOR_RGB2HSV ni kó o lò, kì í ṣe BGR2HSV.

Ìbéèrè: Ti fótò kejì ń sọ pé !_src.empty(), kí nìyẹn?

Ìdáhùn: Kò rí fótò náà ni. imread tó ń ṣí fótò kì í dá kóòdù dúró, None (ìyẹn òfo) ló máa dá padà fún ẹ, ìwájú ni wàhálà á ti bẹ́. Wo orúkọ fáìlì ẹ dáadáa, lórí Linux Kaju.JPG àti kaju.jpg kì í ṣe ọ̀kan náà.